Dókítà ní Crohn's ló ń ṣe àbúrò mi: ta ló ti rí irú ẹ̀ rí?

ỌmọAláró · Ọjọ́ Ajé, 7:52 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 23, ti ń ṣàìsàn láti nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Inú rírun ló fi bẹ̀rẹ̀, lápá ọ̀tún nísàlẹ̀, ni ìgbẹ́ gbuuru bá tẹ̀ lé e. Ó ń yàgbẹ́ tó ìgbà mẹ́fà sí mẹ́jọ lóòjọ́, ó ń jí lóru nítorí ẹ̀, ìgbà mìíràn ẹ̀jẹ̀ àti ikun á wà níbẹ̀. A tọ́jú táífọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹrin. Wọ́n ní ọgbẹ́ inú ni, ó lo oògùn ọgbẹ́ inú. Màmá wa ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ó mu agbo títí agbo sú u. Kílò 71 ni tẹ́lẹ̀, ó ti di 54. Lóṣù tó kọjá, eéwo kan yọ sí ẹ̀gbẹ́ ìdí rẹ̀, ó bẹ́, kò sì jinná, ó kàn ń sun omi ni.

Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti wá ki kámẹ́rà bọ̀ ọ́ láti ìdí. Dókítà ní òun rí egbò níbi tí ìfun kékeré ti pàdé ìfun ńlá, àti níwájú díẹ̀: ibì kan á dégbò, ibi tó tẹ̀ lé e á dára, ibòmíràn á tún dégbò. Ó gé ẹran kékeré níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Kí èsì tó dé, ó kọ prednisolone fún un, oògùn tó ń mú ìfun tó wú rọlẹ̀, 40mg lójúmọ́, ó ní Crohn's ló jọ lójú òun, àìsàn ìfun tí kì í lọ bọ̀rọ̀.

Ṣé Yorùbá ń ní àìsàn yìí ni? Màmá wa ní àìsàn òyìnbó ni, pé kò sí nínú ìdílé wa, kí a gbé ọmọ lọ sórí òkè. Ọ̀sẹ̀ kejì rèé tó ti ń lo oògùn náà, inú ti rọlẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń wú bí ojú ọmọ jòjòló. Ṣé kó dá a dúró?

BàbáOníkòkó · 8:20 àárọ̀

Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Jẹ̀díjẹ̀dí tó ti gbó sínú ni. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń mu ohun dídùn jù, láàárọ̀ bísíkítì, lálẹ́ mínírà. Kó jáwọ́ nínú ṣúgà. Ẹ wá ewé asunwọ̀n, ẹ sè é, kó máa mu ún láàárọ̀ fún ọjọ́ méje, gbogbo ìdọ̀tí inú ẹ̀ á wálẹ̀. Ojú tó ń wú yẹn, oògùn òyìnbó ló fà á, kó sọ ọ́ nù.

Nọ́ọ̀sìMọ́dákẹ́kẹ́ · 9:05 àárọ̀

Bàbá, ẹ káàárọ̀, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ má bínú sí mi, mi ò lè jẹ́ kí ìyẹn lọ bẹ́ẹ̀. Oògùn tó ń mú ni yàgbẹ́ ni asunwọ̀n. Ẹni tó ń yàgbẹ́ ìgbà mẹ́jọ lójúmọ́, tó ti rù ní kílò 17, ẹ tún fẹ́ kó yà sí i? Gbogbo ohun tó bá ti ṣe ìdí là ń pè ní jẹ̀díjẹ̀dí nílẹ̀ yìí: ìdí yíyọ, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ẹ̀yìn ríro, dórí ọkùnrin tí kò lè ṣe ojúṣe rẹ̀ nílé. Mo ti rí jẹjẹrẹ ìfun tí wọ́n fi agbo jẹ̀dí tọ́jú fún ọdún kan gbáko.

ỌmọAláró, ẹ má jẹ́ kó dá prednisolone dúró lójijì. Ara wa fúnra rẹ̀ ló ń ṣe irú èròjà yẹn lójoojúmọ́. Téèyàn bá ti ń gbé e mì fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ara á jókòó tẹtẹrẹ, kò ní ṣe tirẹ̀ mọ́. Tí oògùn bá wá dúró lẹ́ẹ̀kan náà, òòyì lè kọ́ ọ, ó lè máa bì, ó lè dákú. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù. Ojú tó wú á padà sí bó ṣe wà.

Ohun tó ń kọ mí lóminú kì í ṣe ojú rẹ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ kì í gbé inú ẹ̀dọ̀fóró nìkan, ó ń wọ ìfun pẹ̀lú. Ibi tó sì fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni ibi tí ìfun kékeré ti pàdé ìfun ńlá, ibẹ̀ náà ni Crohn's fẹ́ràn. Inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru, ibà, rírù, kódà eéwo ìdí tí kò jinná, àwọn méjèèjì ló lè fà á. Àwòrán àyà lè mọ́ kedere kí ikọ́ ẹ̀gbẹ sì wà nínú ìfun. Nínú Crohn's, àwọn ọmọ ogun ara ló ń kọjú ìjà sí ìfun tí kò ṣẹ̀ wọ́n, prednisolone á mú wọn so ọwọ́ rọ̀. Nínú ikọ́ ẹ̀gbẹ, àwọn ọmọ ogun yẹn gan-an ló ń di kòkòrò mú. Ẹ ti rí i bó ṣe lè burú tó. Inú tó rọlẹ̀ yẹn kò sì tíì jẹ́ ẹ̀rí pé Crohn's ni, nítorí ìgbà mìíràn aláìsàn ikọ́ ẹ̀gbẹ náà á kọ́kọ́ rí ìtura díẹ̀ lórí prednisolone kí nǹkan tó dàrú.

Ẹ pe dókítà náà lónìí. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti wá ikọ́ ẹ̀gbẹ nínú ẹran tí wọ́n gé, bóyá wọ́n ti yẹ ìgbẹ́ wò fún àmíbà (òun náà ń dá egbò sínú ìfun, prednisolone sì ń mú un le sí i), àti bóyá wọ́n ti ṣe HIV àti hepatitis B. Ẹ béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o, ó ṣeé ṣe kó ti ṣe gbogbo ẹ̀.

TolúLáàbù · 9:31 àárọ̀

Ẹ ṣé, Nọ́ọ̀sì. Àfikún láti ẹ̀yìn maikirosíkópù:

Tí GeneXpert, ẹ̀rọ tó ń wá kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ, bá ní kò sí ikọ́ ẹ̀gbẹ nínú ẹran ìfun, ìyẹn kò yọ ọ́ kúrò pátápátá. Kòkòrò inú ìfun kì í pọ̀ bíi ti inú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ẹ̀rọ lè ṣì í. Ẹran tí wọ́n bá sì ti kó sínú formalin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà, kòkòrò ibẹ̀ ti kú, a ò lè gbìn ín mọ́. Èyí tó wà nínú omi iyọ̀ ni ká bèèrè.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ lọ ṣe calprotectin inú ìgbẹ́ láti fi mọ ìyàtọ̀, ẹ má náwó yín sí i. Ó ń sọ pé ìfun ń wú ni, kò lè sọ ohun tó ń wú u. Ikọ́ ẹ̀gbẹ náà á gbé e sókè.

Táífọ́ọ̀dù ẹ̀ẹ̀mẹrin ńkọ́? Widal ni wọ́n ń ṣe fún un, àbí? Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yẹn sábà máa ń ní táífọ́ọ̀dù wà níbi tí kò sí. Ká sáà máa wò.

AdéPeckham · 12:40 ọ̀sán

ỌmọAláró, ẹ kú ìrójú. Mo ti ní Crohn's láti ọdún 2013, ọmọ ọdún 19 ni mí nígbà náà. Ìjẹ̀bú ni bàbá mi, Ìjẹ̀bú ni màmá mi, kò sí òyìnbó kankan nínú ẹbí wa. Ẹ sọ fún màmá yín pé Adé kí wọn.

Orúkọ yẹn ló ń dẹ́rù ba àwọn àgbà. Crohn, orúkọ dókítà kan ni, Burrill Crohn, ará New York. Òun àti Ginzburg àti Oppenheimer ni wọ́n kọ̀wé nípa aláìsàn 14 lọ́dún 1932, ni wọ́n bá fi orúkọ tirẹ̀ pè é. Ká ní Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ni, bóyá òyìnbó ni ì bá máa pè é ní àìsàn Yorùbá. Òótọ́ ni pé ó pọ̀ lọ́dọ̀ wọn ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún tí ẹ ò ní kámẹ́rà tí wọ́n ń kì bọ ìdí, ta ni ì bá ti rí i?

Lọ́dọ̀ tèmi níbí gan-an, ọdún méjì ni GP mi (dókítà àdúgbò) fi ń sọ pé IBS ni, ìfun tó kàn ń yọ èèyàn lẹ́nu láì ní egbò. Orúkọ méjèèjì jọra, IBS àti IBD (ẹbí tí Crohn's wà), ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. IBS máa ń jẹ́ kí inú run, kí ó wú, kí ìgbẹ́ dàrú, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ki kámẹ́rà bọ̀ ọ́, ìfun dára. Kì í fa ẹ̀jẹ̀, kì í mú èèyàn rù ní kílò 17, kì í sì í jí èèyàn lóru. Ìgbà tí mo sọ fún dókítà kejì pé mo ń jí ní agogo mẹ́ta òru láti yàgbẹ́ ló tó gbé kálámù.

Eéwo ìdí yẹn: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn fi abẹ la á ní kẹ́mísìtì. Crohn's kì í dúró sójú ìfun, ó ń jẹ ògiri ìfun já, ó lè gbẹ́ ihò láti inú jáde sí awọ. Tèmi ní ẹ̀ka méjì. MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ni wọ́n fi rí i, wọ́n wá ki okùn kan gba inú ihò náà, wọ́n so ó lóǹkò, kí ohun tó wà níbẹ̀ lè máa ṣàn jáde kó má di eéwo mìíràn. Oṣù mẹ́wàá ni okùn yẹn fi wà lára mi, mo sì ń lọ síbi iṣẹ́, mo jó níbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi.

Ní báyìí infliximab ni mò ń gbà, oògùn tó ń mú àwọn ọmọ ogun ara rọlẹ̀, wọ́n ń fà á sí mi lára lọ́sẹ̀ mẹ́jọ mẹ́jọ. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti yẹ̀ mí wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ àti hepatitis B, nítorí ó lè jí àwọn méjèèjì dìde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun tẹ́ ẹ ń lò ó, ẹ rántí pé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú kò sí fún wa, kòkòrò tó wà nínú ẹ̀ wà láàyè. Lẹ́tà dókítà ni mo máa ń gbà dípò káàdì abẹ́rẹ́ náà kí n tó wálé.

ÌyáMéjìÒṣogbo · 1:15 ọ̀sán

Kí ló dé tẹ́ ẹ ń dẹ́rù ba ọmọlọ́mọ? Ọmọ àǹtí mi ní irú àìsàn yìí, ẹ̀jẹ̀ ń dà bí omi ẹ̀rọ. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n gé ìfun ńlá kúrò pátá, ó ń lo báàgì níkùn. Láti 2016, kò ṣe é mọ́! Kò mu oògùn kankan. Ẹ lọ gé e kúrò, ó tán.

AdéPeckham · 1:22 ọ̀sán

Àǹtí, inú mi dùn fún un. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bi í léèrè, ó jọ pé ulcerative colitis ló ṣe é, kì í ṣe Crohn's. Àbúrò àti ẹ̀gbọ́n ni wọ́n. Ulcerative colitis kì í kúrò nínú ìfun ńlá, ìdí ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á sì gun òkè láì fo ibì kankan. Tí wọ́n bá gé ìfun ńlá kúrò, kò ní ilé mọ́. Crohn's lè wà níbikíbi láti ẹnu dé ìdí. Wọ́n ti gé sẹ̀ǹtímítà 20 nínú ìfun kékeré mi ní 2017, ọdún méjì lẹ́yìn náà ó tún yọ sí ojú ibi tí wọ́n ti rán an. Iṣẹ́ abẹ wúlò, pàápàá tí ìfun bá ti fún pọ̀, ṣùgbọ́n kì í wo Crohn's tán.

ÌyáMéjìÒṣogbo · 3:48 ọ̀sán

Mo pè é. Òótọ́ lẹ sọ, colitis ni. Ẹ má bínú.

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ èyí sí i: ó ní kí n sọ fún ọmọ náà pé bó bá tiẹ̀ di báàgì lọ́jọ́ kan, ayé kò parí. Wọ́n ní kò ní rí ọkọ. Ó ti bí ọmọ méjì.

FúnmiHouston · 4:30 ìrọ̀lẹ́

Apòògùn ni mí. Infliximab tí Adé ń sọ, láti 1998 ni wọ́n ti fọwọ́ sí i fún Crohn's ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó ká yín lára tí owó rẹ̀ bá ga jù yín lọ. Azathioprine wà, oníṣẹ́ ọjọ́ pípẹ́ ni, owó rẹ̀ kò pa èèyàn. Ó ń tó oṣù méjì sí mẹ́ta kó tó ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi prednisolone dí àlàfo títí á fi jí. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò déédéé nítorí ó lè dín ẹ̀jẹ̀ funfun kù, ó sì lè ṣe ẹ̀dọ̀. Mesalazine náà dára, kò ní wàhálà.

Kó má fọwọ́ kan ibuprofen tàbí diclofenac, wọ́n lè ru àìsàn náà sókè. Alabukun náà ńkọ́, aspirin ló wà nínú ẹ̀. Tí orí bá ń fọ́ ọ, paracetamol. Ṣé ó ń mu sìgá? Ìyẹn náà ń mú Crohn's le sí i.

Nọ́ọ̀sìMọ́dákẹ́kẹ́ · 5:02 ìrọ̀lẹ́

Àǹtí Fúnmi, mo bá yín lọ títí dé mesalazine. Ulcerative colitis ni ìyẹn mọ̀ ọ́n ṣe. Nínú Crohn's, pàápàá tó bá wà nínú ìfun kékeré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe nǹkan kan. Mo ti rí aláìsàn tó fi ọdún kan ra mesalazine, tó ta ilẹ̀ torí ẹ̀, ìfun sì ń fún pọ̀ lọ.

FúnmiHouston · 5:10 ìrọ̀lẹ́

Ó dáa, mo gbà. Ti colitis ló wà lórí mi.

TóbiBódìjà · 9:47 alẹ́

Colitis ni tèmi, ọdún mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ̀rọ̀ oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ òun ni gbogbo ẹbí á fi máa bá a jà. Wọ́n ní kí n má jẹ ata, kí n má jẹ epo pupa, kí n má jẹ ẹ̀wà, kí n má jẹ ẹran. Mo jẹ ìrẹsì funfun fún oṣù méjì, mo di igi ìgbálẹ̀. Dókítà mi ní kì í ṣe oúnjẹ ló fa àìsàn, oúnjẹ kan ò sì lè wò ó sàn nínú àwa àgbàlagbà. Kí n kọ ohun tí mo jẹ sínú ìwé, kí n fi ojú ara mi rí èyí tó ń bá mi jà. Ti èmi, mílíìkì ni, àti ata rodo tó bá pọ̀ jù. Ẹ̀wà kò ṣe mí ní nǹkan kan tí mo bá bó èèpo rẹ̀, mọ́ínmọ́ín ni ọ̀rẹ́ mi.

AdéPeckham · 10:05 alẹ́

Tóbi sọ òótọ́ fún colitis. Tí ìfun kékeré bá ti fún pọ̀ nínú Crohn's, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ o. Ohun tó le, tó ní okùn, tàbí tí kì í yòrò lè dí i: àgbàdo sísun, gúgúrú, ẹ̀pà, okùn inú ọsàn, ẹ̀fọ́ tí kò jinná. Ẹ bi dókítà bóyá ibì kan fún nínú ìfun rẹ̀. Tí inú bá wú lójijì, tó ń bì, tí kò rí ìsó só, ilé ìwòsàn lóru yẹn náà o, ẹ má dúró de àárọ̀.

Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n wo fítámì B12 inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìparí ìfun kékeré ló ń gba B12, ibẹ̀ gan-an ni egbò wà.

BàbáOníkòkó · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:30 àárọ̀

Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀, kó má mu asunwọ̀n. Ṣùgbọ́n ṣúgà ńkọ́?

Nọ́ọ̀sìMọ́dákẹ́kẹ́ · 7:11 àárọ̀

Bàbá, ẹ jẹ́ kó dín mínírà kù, pàápàá bó ṣe ń lo prednisolone, nítorí prednisolone ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè. Ibẹ̀ ni mo ti bá yín fẹnu kò.

Ọmọ_Abẹ́òkúta_UK · 11:20 àárọ̀

Adé, káàdì ibà pọ́njú kì í kú mọ́ láti oṣù keje 2016. Tó o bá ti gba abẹ́rẹ́ náà rí kí oògùn tó bẹ̀rẹ̀, káàdì àtijọ́ yẹn tó títí ayé, o ò nílò lẹ́tà.

AdéPeckham · 11:34 àárọ̀

Àṣé! Mo gbà á ní 2009, lẹ́tà ni mo ṣì ń tọrọ lọ́dọọdún. Káàdì yẹn ṣì wà nílé màmá mi, nínú báàgì ìwé ìrìnnà.

ỌmọAláró · Ọjọ́bọ̀, 8:03 alẹ́

Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Mo tẹ ìwé gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, mo gbé e dání lọ.

Dókítà kò bínú rárá. Ó ní lọ́jọ́ tí òun ki kámẹ́rà bọ̀ ọ́ lòun ti fi ẹran kan sínú omi iyọ̀ lọtọ̀ nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ, òun kàn rò pé a ò ní lóye tí òun bá sọ fún wa ni. Mo ní kí wọ́n máa sọ ọ́ fún wa. GeneXpert ní kò sí. Ẹni tó wo ẹran rí àwọn kókó kéékèèké, kò rí èyí tó rà bíi wàrà láàárín, ó ní Crohn's ló jọ jù. Kò sí àmíbà, HIV àti hepatitis B kò sí. TolúLáàbù, mo sọ ohun tẹ́ ẹ sọ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí òun á fi tún ki kámẹ́rà bọ̀ ọ́ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, tí ibà tàbí òógùn òru bá sì yọ ká wá kíákíá. A ti ń fi 5mg dín prednisolone kù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, azathioprine á bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Owó MRI ìdí la ń kó jọ báyìí. B12 rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an, wọ́n ti gún un ní abẹ́rẹ́ kan.

Àǹtí Fúnmi, bẹ́ẹ̀ ni, ó ń mu sìgá. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Dókítà béèrè lójú màmá wa, ẹ fojú inú wo ó.

Màmá fúnra wọn wá. Dókítà fi àwòrán inú ìfun hàn wọ́n lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n wò ó pẹ́, wọn ò sọ̀rọ̀. Nínú ọkọ̀ ni wọ́n tó ní, "Gbogbo èyí ló wà níbẹ̀ tí mò ń fún un lágbo." Wọ́n ṣì fẹ́ lọ sórí òkè lọ́jọ́ Sátidé, mo ní ká lọ, kó ṣáà gbé oògùn dání.

Ohun kan ló kù tó ní kí n bi yín. Ibì kan fún díẹ̀ nínú ìfun rẹ̀. Àgbálùmọ̀ ti wá jáde, ṣé kó má fẹnu kàn án ni?

AdéPeckham · 8:19 alẹ́

Kó fa omi rẹ̀ mu, kó tu èèpo àti gbogbo èyí tó ń fà bíi gọ́ọ̀mù yẹn dànù. Kó má gbé kóró mì o! Kó bá mi fa ọ̀kan pẹ̀lú, mi ò rí i rà ní Peckham lọ́sẹ̀ yìí.